Ẹnu Mi Lára Ògiri Ọ̀bà-Ilé

Ṣòkòtò ọkọ mi ni mo fi ń mọ ibi tó ti ya àwòrán sára ògiri lọ́jọ́ náà, torí òun ló fi ń nu búrọ́ọ̀ṣì. Bí àwọ̀ ewé bá pọ̀ níbẹ̀, Alágbàká ni. Òdòdó nìkan ni àwọn ọ̀gá ìjọba ibẹ̀ máa ń fẹ́.

Níbòmíràn, aládùúgbò ló ń yà, láìgbàṣẹ. Súlè tó ń lẹ táyà di ọba. Ìyá Bọ́sẹ̀ tó bá ọkọ mi jà nítorí ọ̀dà tó dà sílẹ̀ di ewúrẹ́ onígèlè. Ìyá Bọ́sẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Gèlè yẹn ṣáà bá mi mu."

Ògiri tó yà gbẹ̀yìn ní Ọ̀bà-Ilé, èmi ló wà níbẹ̀, tí mo la ẹnu gbàgà.

Mo ní, "Bàbá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnu mi dé."

Ó ní, "Ìyàwó, ọjọ́ tí o bá dákẹ́ ni màá pa á dé."

Mi ò tíì dákẹ́ tó fi kú.

Lánàá, Dàre, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gbé ọ̀dà wá láti bá mi pa ẹnu náà dé. Mo ní kó fi ẹnu náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ tán.