Ìjókòó Iwájú Mọ́tò Bàbá Mi

Ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ kí mi bí àlejò, ẹ̀rín ni mo fi ṣe. Mo ti Ọ̀yọ́ dé ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, wọ́n sì ní, “Ẹ káàbọ̀, ìyá. Ta lẹ ń wá?” Aláwàdà ni wọ́n látilẹ̀, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ awọ ni mò ń wá. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní ọmọ yẹn ò sí nílé, ó ti lọ sí iléèwé. Ọmọ-ọmọ mi ló ń lọ sí iléèwé báyìí.

Àwọn ará àdúgbò ní bàbá ń ṣarán. Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì ti tìtorí ẹ̀ bá èèyàn jà rí. Ojú wọn ló kọ́kọ́ lọ. Ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, torí bí mo bá ti wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà báyìí ni wọ́n ti ń pe orúkọ mi. Ìgbà tí orúkọ náà lọ ni mo tó sunkún. Àbúrò wọn obìnrin, tó ń tọ́jú wọn nínú ilé tó wà lẹ́yìn Ọjà Igbó, ní kí n má fi ṣe ìbínú, pé bàbá máa ń pe àwọn náà ní ìyàwó ọlọ́pàá nígbà mìíràn.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà lókè òkun ló fi páálí kan ránṣẹ́. Mọ́tò ìṣeré ni, tí wọ́n tú sí wẹ́wẹ́, kí èèyàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fúnra rẹ̀. Irú mọ́tò àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà máa ń bọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọnù, tí wọ́n á fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí i, kó lè máa sá eré àsápajúdé. Inú bí mi. Mo pè é lórí fóònù, mo ní, “Bàbá ò mọ ọmọ wọn mọ́, ohun ìṣeré lo rí rà.”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀ ná. Wọ́n sọ fún mi níbí pé tí ọwọ́ irú wọn bá kan nǹkan tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, ọkàn wọn lè padà síbẹ̀. Mo wá èyí tí ìjókòó iwájú ẹ̀ gùn gbọọrọ bíi ti mọ́tò bàbá, èyí nìkan ni mo rí. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ bá mi sọ inú ẹ̀ di ti bàbá.”

Ó mọ ibi tí yóò ti mú mi. Mọ́tò tó ń sọ yẹn ni bàbá mi fi ń kó èrò láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń wakọ̀. Ọ̀yọ́ ni ilé ìyá mi, ilé oníṣọ̀nà awọ, lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán. Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá á fi mí síwájú mọ́tò, wọ́n á já mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá mi kí n lọ kọ́ṣẹ́ awọ, wọ́n á tún gbé mi padà nírọ̀lẹ́. Mọ́tò yẹn ti di irin jíjẹrà tipẹ́. Mo gbà láti ṣe é. Kì í ṣe torí pé mo gba àbúrò mi gbọ́, torí pé kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe ni.

Mọ́tò náà gùn tó láti ọrùn ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Mi ò lẹ òrùlé mọ́ ọn, kí ọwọ́ bàbá lè ráyè wọlé. Jíà tó dúró láàárín ilẹ̀ rẹ̀, mo gé e, torí ẹ̀gbẹ́ sítíárìn ni jíà mọ́tò bàbá mi wà; mo tẹ abẹ́rẹ́ kan, mo fi síbẹ̀. Ìjókòó ló gba àkókò mi. Awọ ewúrẹ́ tí mo fi ń rán tìmùtìmù nípọn jù, bí mo bá dà á bo ìjókòó yẹn, á wú bí ẹ̀kọ tó bu. Mo tẹ́ ẹ lórí pákó, mo fi ọ̀bẹ fá ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́ bíi bébà. Mo wá gbẹ́ ọnà sí ojú rẹ̀, mo fi òróró pa á kó máa dán. Nílé wa, a kì í fi ojú awọ sílẹ̀ láìlọ́nà. Nígbà tí mo parí, èmi alára wò ó, mo ní mo kú iṣẹ́.

Mo gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbé e lé bàbá lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ wọn kọ́kọ́ kan ẹ́ńjìnnì tó wà níta. Wọ́n ní, “Ta ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ báyìí? Òjò á rọ̀ sí i.” Àbúrò wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti ń retí orúkọ mi lẹ́nu wọn. Wọ́n ti ìka wọn bọ inú, wọ́n fi pa ìjókòó síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní, “Ó ń yọ̀.” Wọ́n gbé mọ́tò náà sókè, wọ́n nà án sí mi. “Mọ́tò ẹlòmíràn ni, ìyá. Ẹ gbé e fún ẹni tó ni ín.”

Inú bí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní, “Bàbá, awọ gidi nìyẹn o.” Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Bàbá mi ń bẹ̀ mí, bí ẹni ń bẹ oníbàárà.

Inú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sí Ọ̀yọ́ ni mo ti rántí. Ìgbà tí bàbá mi ní kí ẹbí ìyá mi rán awọ bo ìjókòó mọ́tò wọn, wọ́n ní kí wọ́n yí awọ náà padà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí ṣákiṣàki wà lókè. Gbogbo agbo ilé fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, ṣé èèyàn ń wọ aṣọ sódì ni? Bàbá dá wọn lóhùn pé, “Ẹ̀yin lẹ ń wò ó, èmi ni mò ń jókòó lé e. Bí òógùn bá ti dé, ojú awọ yín á máa yọ̀ mí bí ẹja àrọ̀.” Wọ́n rán an bẹ́ẹ̀, tìbínú-tìbínú. Kò sí ọmọ oníṣọ̀nà kan tí irú ẹ̀ á wá sí lọ́kàn láé. Mo ti fi ọ̀bẹ fá ibi tí ọwọ́ bàbá mi ń wá gan-an dànù.

Mo tú gbogbo rẹ̀, mo wá awọ mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ ni mo fá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi sókè, láìlọ́nà, láìpa á lóróró. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rán an, torí ó burẹ́wà. Mo tún fi nǹkan kan kún un, èyí kì í ṣe torí mọ́tò, torí ara mi ni. Ìyá mi rán tìmùtìmù kékeré kan fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo ń jókòó lé láàárín bàbá àti èrò iwájú, kí n lè rí títì. Mo rán irú rẹ̀, kò ju èékánná lọ, mo ki òwú sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ó máa ń wà. Mo ní bí wọ́n bá gbàgbé gbogbo ayé, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n rántí ẹni tó ń jókòó síbẹ̀.

Mo tún gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbé e lé bàbá lẹ́sẹ̀. Ìka wọn kan ìjókòó, wọ́n fi pa á síwá sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún wọn lọ tààrà síbi jíà. Ẹsẹ̀ òsì wọn tẹ ẹní mọ́lẹ̀, bí ẹni ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Àbúrò wọn di apá mi mú. Lẹ́yìn náà, ìka wọn dé orí tìmùtìmù, kò sì kúrò níbẹ̀.

Wọ́n ní, “Ọmọbìnrin mi dà? Ibí ló ń jókòó sí.”

Mo ní, “Èmi nìyí, bàbá. Èmi ni.”

“Rárá o, ìyá. Ọmọdé ni.” Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bí a bá ti ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, tí a bá ti kọjá Odò Ọbà báyìí, apá mi yìí ló máa ń sùn lé. Mi kì í rọ́nà yí jíà. Mo máa ń rọra wakọ̀ ni, kó má baà jí. Àwọn èrò á máa bú mi.”

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí. Ẹkún gbọ̀n mí, mo fi ìborùn dí ẹnu mi.

Ọkàn bàbá ò wá balẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ ti ń ṣú, ọmọ náà ò tíì dé, ta ló lọ mú un lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ̀nà? Wọ́n fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ wọn ò gbà. Àbúrò wọn ní, “Dá wọn lóhùn, ìwọ ọmọ yìí.”

Mo ní, “Ó ti délé, bàbá. Ó ti jẹun, ó ti sùn.”

“Ṣé ẹ fojú yín rí i?”

“Mo rí i.”

Wọ́n padà jókòó. Àbúrò mi pè lálẹ́ láti béèrè bóyá wọ́n rántí mi. Mo ní wọ́n rántí mi dáadáa. Mi ò parọ́ fún un, àmọ́ mi ò lè sọ ìyókù.

Títí di báyìí, gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni wọ́n ń bi mí léèrè ọmọ yẹn, tí mo sì ń sọ fún wọn pé ó ti délé. Ọkàn wọn á wá balẹ̀. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní kí n tètè máa lọ kílẹ̀ tó ṣú, torí bàbá tèmi náà á ti máa retí mi.