Wàláhì Nínú Eré Fàyàwọ́

Ọmọ mi gba ilé mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ nínú ayé tí wọ́n dá sórí kọ̀ǹpútà fún eré. Irọ́ ló fi gbà á. Mo bínú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, eré ni. Wọ́n gba jìbìtì láàyè níbẹ̀." Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí ní Igbogila, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá.

Ìjọba ti fòfin de ìrẹsì òkèèrè nígbà náà, fàyàwọ́ sì kún ọ̀nà wa. Àwa ọmọdé ń fi í ṣeré lẹ́yìn ilé. Ẹnì kan á dé fìlà páálí, á di kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn yòókù á máa gbé ìrẹsì, ìyẹn iyanrìn inú agolo mílíìkì, kọjá okùn tí a ta sílẹ̀. Irọ́ tó bá wù ọ́ ni kí o pa. Èmi sì ni ọ̀gá irọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé kéú ni gbogbo wa, a sì ti fẹnu kò pé ẹni tó bá sọ "wàláhì" ti kúrò nínú eré, òótọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ.

Lọ́jọ́ kan, àwọn tó kù ti lọ pọnmi, ó ku èmi àti ọ̀rẹ́ mi, òun ni kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó ti da ìrẹsì mi nù lẹ́ẹ̀mejì, ara ń ta mí. Màmá rẹ̀ wà lọ́jà Joga, oyún inú wọn ti pé oṣù mẹ́jọ.

"Màmá ẹ ti ṣubú lọ́jà," mo wí fún un.

Ó rẹ́rìn-ín.

"Wàláhì," mo búra.

Ó ju fìlà sílẹ̀, ó sáré gba ọ̀nà Joga lọ. Mo gbé ìrẹsì mi kọjá, inú mi dùn.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, màmá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ara wọn le koko. Ọ̀rẹ́ mi ò sí nílé. Ọkọ̀ fàyàwọ́ gidi kì í rọra lọ́nà Joga. Wọ́n ti tẹ ewúrẹ́ wa méjì pa. Màmá rẹ̀ bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé níbo ló wà, mo ní mi ò mọ̀. Ìgbà tí wọ́n fọwọ́ di ikùn mú, tí wọ́n forí lé títì láti wá a lọ, ni mo tó jẹ́wọ́.

"Mo parọ́ fún un pé ẹ ṣubú lọ́jà ni, Màmá. Eré ni."

Bàbá rẹ̀ tó wà nílé gbọ́, wọ́n gun alùpùpù lọ sọ́nà Joga. Èmi àti màmá rẹ̀ jókòó sétí títì. Bí ọkọ̀ kan bá ti kọjá, màá dìde wo ọ̀nà. Màmá rẹ̀ ò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Kí Màgàríbà tó wọlé, alùpùpù dé. Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ti bó. Ó ti wá màmá rẹ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Àwọn ará ọjà ní màmá rẹ̀ ti lọ sílé láìsí ewu, ó rò pé wọ́n ń tan òun ni, torí mo ti sọ wàláhì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dì mọ́ wọn, ó fọwọ́ pa ikùn wọn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Mo ń retí èébú.

"Ọmọ inú wọn ńkọ́?" ló wí. "Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

Màmá rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, síbẹ̀ èmi ló ń bi.