Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Wa Gbé Àmín Mì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí kọ̀ǹpútà fi ojú wa rí nílé wa ní Bódìjà, nígbà tí ọdún 2000 kù díẹ̀ kó dé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ ná.

Àbúrò mi, Kúnlé, ló bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí Ìyá mi máa ní nìyẹn, nítorí èmi àti Bọ́lá, ìyàwó mi, ṣì ń wojú Olúwa nígbà náà. (Ó ti dá wa lóhùn báyìí. Ọpẹ́ ni!) Kúnlé fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́, fọ́tò sọnù lọ́nà. Ìyá mi kàn ń gbọ́ pé òun ti ní ọmọ-ọmọ ni, kò tíì rí ojú rẹ̀ rí. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára ìyá àgbà?

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ya fídíò. Kúnlé pè mí, ó ní ṣé kásẹ́ẹ̀tì ni kí òun fi ránṣẹ́ ni àbí sídì. Mo ní sídì ni o! Ṣé èmi tí mo ní kọ̀ǹpútà nílé ni kí n tún máa wo kásẹ́ẹ̀tì?

Kọ̀ǹpútà wo gan-an? Àlòkù tí mo fi owó oṣù tíṣà rà ní Dùgbẹ̀, tí mo fi ń tẹ ìwé ètò ìsìn fún ìjọ wa. Tí ẹ bá tàn án, ẹ lè lọ wẹ̀ kí ó tó jí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Olúwa ló ń ṣe, n kò sì kẹ́gàn rẹ̀.

Sídì dé. Ìyá mi wá láti Mòníyà lọ́sàn-án Sátidé, ó sì ní òun gbọ́dọ̀ padà kílẹ̀ tó ṣú. Alhaji, onílé wa tó ń gbé lókè, sọ̀kalẹ̀ wá bá wa yọ̀. Bọ́lá gbé iṣu kaná, ó wá jókòó tì wá.

Fídíò bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé. Ohùn ń lọ ní tirẹ̀, àwòrán ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Àwọn èèyàn á mira díẹ̀, wọ́n á tún gan. Ìyá mi ní ṣé òtútù ibẹ̀ ló mú wọn tó báyìí ni.

Pásítọ̀ wọn, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, wá ní kí wọ́n tó gbé ọmọ jáde, kí gbogbo ilé dijú. Àwa náà dijú. Ṣé a óò máa fi àdúrà ṣe ìran wò ni?

Ó ní, “Baba, a dúpẹ́ fún ọmọ yìí, a sì bẹ̀ Ọ́ pé...”

Kẹ́kẹ́ bá pa.

Pé kí ni? A ń dúró. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lajú kí wọ́n tó ṣe àmín. Mo ní bóyá Ẹ̀mí ló ń bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Bọ́lá ń rọra sọ pé, bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa. Òórùn iṣu tó ń jóná gba inú ilé kan, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lajú.

“Dàpọ̀, ṣé ó ti ṣe àmín?” Ìyá mi ló ń béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Kò tíì ṣe é, Mà.”

Alhaji wúkọ́. “Tíṣà, ẹ má bínú o. Ṣé bí àdúrà yín ṣe máa ń pẹ́ tó nìyí?”

Mo lajú. Pásítọ̀ ti há! Ọwọ́ wà lókè, ẹnu là sílẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé Alhaji kì í dijú tó bá ń ṣàdúà. Àtẹ́lẹwọ́ ló tẹ́, ojú rẹ̀ wà lára àwòrán náà látìgbà yẹn wá! Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ fún wa.

“Mo rí i pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ò mira, ẹ̀yin náà ò mira. Mo ní bóyá bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

Ẹ̀rín pa Bọ́lá débi pé díẹ̀ ló kù kó ṣubú kó tó sáré lọ sídìí iṣu. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ojú fèrèsé ló ń wò, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀. Ó ní, “Ọmọ náà ńkọ́?”

Mo tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún há síbẹ̀. Bọ́lá tilẹ̀ gbọ́wọ́ lé kọ̀ǹpútà lórí, ó gbàdúrà fún un. Ṣé ẹ rí i, ṣe ni wọ́n ká fídíò pọ̀ sínú sídì bí ẹni ká aṣọ sínú báàgì kékeré. Kọ̀ǹpútà ní láti máa tú u bó ṣe ń fi í hàn wá, ẹ̀rọ tèmi ò sì lágbára àtitú u kíákíá. Mo bá ti gbogbo iṣẹ́ yòókù tó wà lójú rẹ̀ pa. Mo sọ àwòrán náà di kékeré bíi páálí ìṣáná. Mo wá pa ohùn rẹ̀ pátápátá, kí gbogbo agbára rẹ̀ lè lọ sára àwòrán.

Ó kọjá ibi àdúrà! Wọ́n gbé ọmọ jáde. Ìyá mi fa àga súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ẹnu pásítọ̀ ń mì, a ò gbọ́ nǹkan kan, ni Ìyá mi bá gba àdúrà náà ṣe. Ó ní ọmọ náà á dàgbà, á mọ Olúwa, òun á sì fọwọ́ ara òun gbé e. Alhaji ń ṣe àmín sí i níkọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó dijú nínú wa.

Bí ọmọ ṣe kọjú sí wa báyìí, àwòrán tún há. Mo na ọwọ́, Ìyá mi gbá a mú.

“Má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí n wò ó.”

Ó wò ó, ó wò ó. Ọmọ náà ò ṣẹ́jú, ìyá àgbà ò ṣẹ́jú. Nígbà tí yóò fi dìde, ilẹ̀ ti ṣú, Alhaji ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé e dé Mòníyà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí n máa dúpẹ́ fún nǹkan tó bá ń falẹ̀ pàápàá. Ká ní ẹ̀rọ náà yá ni, ojú ọmọ ì bá ti kọjá lọ kíá. Ẹ̀yin ńkọ́? Irú ohun wo ni ẹ̀rọ àtijọ́ ti fojú yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ tí ẹ bá ní nǹkan lórí iná, ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó.