Bàbá Tó Ń Ṣe Àmín fún Màmá

Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ láti apá ààtàn, èéfín pàǹtírí tó ń jó ló kọ́kọ́ máa ń pàdé ènìyàn nílé ìwòsàn wa ní Ìgàndó, kí òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi nu ilẹ̀ tó dé. Ìwọ náà mọ èéfín yẹn, ṣebí a jọ dàgbà ní Ìdímù ni. Àwa tí a wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí kò lè mí dáadáa a máa ń sáré ti fèrèsé, ooru á bò wá mọ́lẹ̀, a ó tún sáré ṣí i. Ṣé kí èéfín pa aláìsàn ni àbí kí ooru pa á? Ojoojúmọ́ ni èmi àti fèrèsé yẹn máa ń jà. Títí dòní, bí òórùn méjèèjì bá pàdé nímú mi, màmá kan láti Bàrúwà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú ọkọ wọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn.

Nígbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ tán lórí bí a ṣe ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí. Dókítà kan tó ń ṣe ìwádìí ní wọ́ọ̀dù wa ló gbà mí síṣẹ́, obìnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, tó sì lágídí ju èmi gan-an lọ. Ohun tó ń wádìí kò le láti yé ènìyàn. Bí òtútù àyà bá mú ẹnì kan débi pé kò lè dá mí mọ́, wọ́n á ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ẹ̀rọ ńlá máa bá a mí. Ilé ìwòsàn tó lè ṣe irú rẹ̀ jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ tí a sì ń gbé lọ síbẹ̀ ni kì í padà wálé. Dókítà wa wá ní, ìbòmú tó fún mọ́ imú àti ẹnu dáadáa ńkọ́, tí ẹ̀rọ kékeré kan á máa ti afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ wọlé, ṣé kò ní lè gba àwọn kan sílẹ̀ lọ́wọ́ rọ́bà yẹn? Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ aláìsàn fún ni pé kó má ṣí ìbòmú náà. Bó bá ti ṣí i pẹ́nrẹ́n, afẹ́fẹ́ tó ń gbé ẹ̀dọ̀fóró ró á sá jáde, àyà á sì tún padà há.

Màmá yìí ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, ọmọ Èkìtì, ẹni tí ojú wọn nìkan tó láti mú kíláàsì kan dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ń sọ, wọ́n á sinmi kí wọ́n tó sọ òmíràn. A fi ìbòmú sí wọn lójú, kí ọ̀sán tó pọ́n ara ti ń tù wọ́n, inú wa sì dùn. Àmọ́ nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún ń mí hẹlẹ. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí: àárọ̀ dára, ìrọ̀lẹ́ bàjẹ́. Dókítà wa pe ọkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Bàbá, ó jọ pé ara wọn ò gba ìbòmú yìí. Bó bá tún rí báyìí lọ́la, a máa gbé wọn lọ síbi tí wọ́n á ti ki rọ́bà bọ̀ wọ́n lọ́fun."

 Bàbá kàn ń yí fìlà wọn po lọ́wọ́. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni bàbá náà ò ti sọ̀rọ̀ tó kún ọwọ́. Ọmọbìnrin wọn ti sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn. Bí wọ́n bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ló máa ń kí gbogbo ènìyàn, Bàbá á dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n á di Bíbélì àwọn méjèèjì mú, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnu Màmá ni ọkọ àti ìyàwó jọ fi ń kí ayé.

Èmi náà kọ́, n ò fẹ́ràn ìkíni gígùn rárá. O mọ̀ mí. Bí ìyá mi bá pè mí lórí fóònù láti Ìdímù, wọ́n á béèrè èmi, wọ́n á béèrè ọkọ, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á tún dé orí ẹni tó ń gbé ilé ẹ̀yìn wa. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń já a gbà mọ́ wọn lẹ́nu: "Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, jàre?" Wọ́n á ní, "Kò sí o, mo kàn ní kí n kí ẹ ni." Ìyẹn á tún mú inú bí mi sí i.

Lọ́jọ́ kẹta yẹn, dókítà wa ní kí n jókòó ti Màmá, kí n má kúrò níbẹ̀, kí n wo ohun tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó. Ẹ̀rọ ń hó wùùù, àyà wọn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn gòkè, ó sì dúró. Wọ́n tiẹ̀ sùn díẹ̀. Àkókò ìbẹ̀wò wá tó, ilẹ̀kùn ṣí, àwọn ìyá ìjọ wọn láti Bàrúwà rọ́ wọlé. "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìnira."

Bí Màmá ṣe na ọwọ́ sí ìbòmú nìyẹn. Wọ́n gbé e sókè bí ìgbà tí ọkùnrin ń ṣí fìlà fún àgbà, wọ́n ní, "A dúpẹ́ o. Ẹ káàbọ̀. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Wọ́n dá a padà. Ẹlòmíràn kí wọn, wọ́n tún ṣí i. Àdúrà wá bẹ̀rẹ̀. Háà, àdúrà! "Ẹ ò ní kú." Màmá ṣí i: "Àmín." "Ẹsẹ̀ yín lẹ ó fi rìn kúrò níbí." Wọ́n tún ṣí i: "Àmín o." Kò sí àdúrà tí kò ní àmín tirẹ̀, kò sì sí àmín tí afẹ́fẹ́ kì í bá jáde. Mo ń wo nọ́ńbà yẹn bó ṣe ń já wálẹ̀. N ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo pariwo, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná!" Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bí wọ́n ṣe ń jáde lọ, ọ̀kan nínú wọn ń ráhùn, "Àwọn ọmọ ìwòyí, àdúrà náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ lójú wọn."

Nígbà tí èémí Màmá rọlẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo ní, "Màmá, inú ìbòmú yìí lẹ̀mí yín wà o. Bí wọ́n bá kí yín, ẹ kàn mirí." Wọ́n fi ojú ọ̀gá ilé ìwé wò mí. Wọ́n sì tún ṣí nǹkan náà láti dá mi lóhùn! "Kí ènìyàn kí mi, kí n máa wò ó bí ewúrẹ́? Ìyá mi ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀." Wọ́n sinmi. "Àdúrà tí n ò bá ṣe àmín sí, ta ni yóò gbà á fún mi?"

 Màmá ò ṣe orí kunkun, wọn ò sì gọ̀. Lójú tiwọn, àmín ni ọwọ́ tí ènìyàn fi ń gba àdúrà, ta ló sì máa ká ọwọ́ rẹ̀ kò nígbà tí ikú ń wò ó lójú? Ibi tí mo ti ń ronú ohun tí mo lè sọ ni mo ti gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Èmi ni n ó máa dáhùn."

Bàbá ni. Èjìká Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ikọ́ ni, àṣé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín nínú ìbòmú. Bàbá sún mọ́ ibùsùn. Wọ́n ní, "Má fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí o ti ń bá mi kí ènìyàn. Bí o bá lọ, ta ni yóò máa bá mi kí wọn?" Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Màmá na ọwọ́, wọ́n di ọwọ́ ọkọ wọn mú. Wọn ò ṣí ìbòmú.

Mo ròyìn fún dókítà wa, ó sì gbà kí a dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin. Nígbà tí àkókò ìbẹ̀wò ọjọ́ náà tó, aládùúgbò wọn kan ló kọ́kọ́ wọlé. "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà." Bàbá dìde dúró ṣánṣán, ọwọ́ wọn ṣì wà nínú ti ìyàwó wọn. Wọ́n wú ikọ́. "Ó ní òun dúpẹ́."  Màmá fún ọwọ́ wọn pọ̀. "Ẹ káàbọ̀." Màmá tún fún un. "Ilé ńkọ́?" Màmá fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, Bàbá bojú wò wọ́n, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn pátápátá. Màmá bá fi ọwọ́ kejì ṣàpèjúwe gíga ọmọdé láti ilẹ̀. "Áà! Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ṣé o rí gbogbo wọ́ọ̀dù ọjọ́ yẹn, àti aláìsàn àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀rín pa wá.

Àwọn ìyá ìjọ náà padà wá, wọ́n ń wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Mo ní kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n gbà á dáadáa. "Ẹ ò ní kú!" Bàbá ní "Àmín!" tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn fi ta gìrì. "Ẹsẹ̀ yín lẹ ó fi rìn jáde!" "Àmín!" Òógùn ń ṣàn lójú Bàbá, wọ́n sì ń bá a lọ. Mo wo nọ́ńbà, kò mì. Mo tún un wò, ibi tó wà náà ló wà. Omijé bọ́ lójú mi níwájú gbogbo wọn, n ò tiẹ̀ nù ún.

A ò gbé Màmá lọ síbì kankan mọ́. Nígbà tó yá, tí dókítà wa yọ ìbòmú náà kúrò fúnra rẹ̀, tí gbogbo wa dúró láti gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ, wọ́n yíjú sí ọkọ wọn. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ ṣeun gan-an o. Àmọ́ gbogbo àwọn tó wá, ẹ ò béèrè ìyá ẹnì kankan lọ́wọ́ wọn." Ìyẹn ló ti ń dùn wọ́n láti ọjọ́ yìí wá, wọn ò rí bí wọ́n ṣe lè fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ìyá.

Láti ìgbà náà, kí a tó fi ìbòmú sí ẹnikẹ́ni lójú, a máa ní kó yan ará ilé kan tí yóò máa bá a dáhùn, Kìrìsìtẹ́nì fún àmín tirẹ̀, Mùsùlùmí fún sàlámà tirẹ̀. Ìlà kan péré ni ọ̀rọ̀ yẹn gbà nínú ìwé ìwádìí wa. Wọn ò dárúkọ Bàbá síbẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo ṣe kòńgẹ́ àwọn méjèèjì ní Abúlé Ẹ̀gbá, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì BRT. Màmá ló kọ́kọ́ rí mi. "Ọmọ mi! Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Dókítà yín ńkọ́?" Èémí wá tán wọn lẹ́nu, wọ́n fi ọwọ́ lé àyà, wọ́n dúró. Kí n tó la ẹnu, Bàbá, tí mo ti sọ̀rọ̀ ìyá mi fún rí ní wọ́ọ̀dù, ti gbà á níbẹ̀. "Màmá rẹ ní Ìdímù ńkọ́? Ṣé ara wọn le?" Màmá bojú wo ọkọ wọn, inú wọn dùn bíi ti tíṣà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ya òpè jù ṣẹ̀ṣẹ̀ yege. Mo ní ara wọn le. Bàbá ní kí n bá àwọn kí wọn.

Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo pe ìyá mi láti jẹ́ iṣẹ́ náà. Kí n tó sọ ọ́, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: èmi, ọkọ, àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Mo ti jókòó ti ẹ̀rọ yẹn rí, ọ̀rẹ́ mi. Mo ti fojú mi rí ohun tí "ilé ńkọ́" ń ná ènìyàn, pé inú èémí tí ènìyàn fi wà láàyè ló ti ń bù ú fún ọ. Ìyá mi ti dàgbà báyìí, èémí wọn náà ti ń kúrú, wọ́n sì máa ń sinmi kí wọ́n tó dé orí ẹni tó ń gbé ilé ẹ̀yìn wa. N kì í já a gbà mọ́ wọn lẹ́nu mọ́. Mo máa ń dúró, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kí mi tán.