Àkámọ́ tí Tíṣà Ládòkun Kò Tètè Yí Padà

Ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, ọdún 1979, akẹ́kọ̀ọ́ 38 nínú 41 ni ó kùnà nínú ìbéèrè kan náà nínú ìdánwò ìṣirò kíláàsì kẹrin, ní ilé-ìwé girama kan ní Àgọ́-Àmọ̀dú. Ìdáhùn kan náà ni gbogbo àwa tí a kùnà kọ. Tíṣà Ládòkun ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìgbòho ni. Ó ti fi ọdún mọ́kànlá kọ́ni, àwọn òbí sì ń bọ̀wọ̀ fún un gidigidi.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdánwò, ó kọ òfin ìṣirò alápá méjì sójú pátákó. Bẹ̀rẹ̀ láti òdo, bí nọ́ńbà kò bá tó mẹ́rin, fi méjì kún un. Láti mẹ́rin dé mẹ́jọ, mẹ́wàá ni ìdáhùn. Ó ní kí a kọ àwọn nọ́ńbà tí ó lè wọlé àti àwọn tí ó lè jáde. Àkámọ́ onígun, [ ], ń sọ pé nọ́ńbà etí wà nínú rẹ̀. Àkámọ́ róbótó, ( ), ń sọ pé kò sí níbẹ̀. Tíṣà fi onígun sí gbogbo etí: [0, 4] àti [4, 8]. Ó ní bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà nìyẹn: òní tí a ná an wà nínú ọrún, ọjọ́ tí a ó tún ná an náà wà níbẹ̀.

Àdìjátù, ọmọ alágbẹ̀dẹ, dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí mẹ́rin bá wọlé, ṣé mẹ́fà ni yóò jáde ni àbí mẹ́wàá?”

“Àgbà tíṣà, ó yá, wá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi.”

A rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kí Àdìjátù lọ kúnlẹ̀ níta títí agogo yóò fi dún.

Nígbà tí èsì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tíṣà ilé-ìwé mìíràn tí ó máàkì ìdánwò náà, Tíṣà wọlé, ó nu pátákó, ó kọ [0, 4) àti [4, 8]. Ó kọ èyí tí ó ń jáde: [2, 6), àti mẹ́wàá nìkan. Mẹ́fà kò jáde rárá.

“Ọjọ́ tí mo ní kí Àdìjátù kúnlẹ̀ ni mo ti mọ̀,” ni ó wí. “Ojú ló tì mí.”

Ilẹ̀ ni ó ń wò. Àdìjátù kò sí lára àwọn mẹ́ta tí kò kùnà. Tíṣà bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí.

“Ẹ ti ní mi ò mọ̀ ọ́n, sà.”

Ìtìjú Tíṣà kò dá máàkì kan ṣoṣo padà fún ẹnikẹ́ni.

Ìwọ tíṣà tí ò ń ka èyí, o mọ ohun tí o kọ́ wọn lódì. Lọ sọ fún wọn lọ́la, kí o sì dárúkọ ọmọ tí ó kọ́kọ́ rí i.