Aríran Tí Kò Rí Ẹrù Ọkọ Rẹ̀

Nígbà tí ọkọ mi kó lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Àjàgbà, ibi iṣẹ́ nìkan ni mo ti ń rí ìsinmi. Àánú àwọn aládùúgbò ti sú mi. Níbi tí a ti ń fún epo ní Ìlútítun, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ mi sí mi létí.

Èmi àti ọkùnrin kan la jọ ń ti ọ̀pá ẹ̀rọ ìfúnpo, a ó máa yí po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Mùsùlùmí ni, Aládùúrà ni mí, a sì máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Alájì ni mò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò rìn kọjá Òde-Ìrèlè rí.

Lọ́jọ́ kan, mo ń ròyìn fún àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyìn pé mo ríran ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wọn yóò jí adìẹ ìyá kan, wọ́n sì jí i lóòótọ́. Alájì bá ní, "Aríran! O rí adìẹ aládìẹ, o ò rí ọkọ rẹ tó ń di ẹrù!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo fi ọ̀pá sílẹ̀.

"Uṣẹ́ yá o!" Ọ̀gá wa pariwo. "Ẹyìn ń tutù!"

Ẹyìn tútù kì í sun epo, mo bá padà. Mo ń ti ọ̀pá bí ẹni pé Alájì ló wà nínú ẹ̀rọ.

Ó wá ń rán ẹlẹ́bẹ̀ sí mi. Kò sì sí ẹni tó lè bẹ̀ mí láìtún ẹ̀fẹ̀ náà sọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì í, kò yẹ kó ní ẹ rí adìẹ…" Wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn á máa gbọ̀n. Ọ̀kan tiẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ tó fi rẹ́rìn-ín kèékèé.

Mo ní ó tó. "Alájì, wá dúró síbí. Wo ojú mi, kí o tún un sọ."

"Jọ̀ọ́, má bínú."

"Sọ ọ́!"

Ó wo ojú mi. "Aríran. O rí adìẹ aládìẹ, o ò rí…" Ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Ọkọ mi tó ń di ẹrù," mo bá a parí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. N kò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí pé ó lọ. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún ọkọ burúkú yẹn, ikun ń ṣàn. Alájì ṣí fìlà orí rẹ̀, ó nà án sí mi. Mo gbà á, mo sì fun imú mi sí i dáadáa.