Ẹ̀rín Tí Jẹ́jẹ́ Yà

Aránṣọ ni Màámi. Aṣọ ọmọléèwé ló ń rán jù, èyí tí àwọn òbí máa ń sáré gbé wá nígbà tí ilé-ìwé bá máa wọlé lọ́la, tí wọ́n á sì máa wò ó bíi pé òun ló fi iṣẹ́ falẹ̀. Kì í bá wọn jà. Kò tilẹ̀ lè bá wọn jà, torí ètè rẹ̀ ló fi ṣe àpò píìnì. Bí oníbàárà bá bi í ní nǹkan, "hùn-ún" ni. Bó bá fẹ́ kọ̀, "ùn-ùn" ni. Inú hùn-ún àti ùn-ùn yẹn ni èmi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo dàgbà sí. Mo mọ èyí tó túmọ̀ sí "jókòó jẹ́ẹ́", mo mọ èyí tó túmọ̀ sí "oúnjẹ wà nínú ìkòkò".

Nígbà tí olùkọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní kí a pín ara wa ní méjì-méjì, kí a ṣe fíìmù kúkúrú, ìyẹn àkọ́ṣe wa, mo ní Màámi ni n ó fi ṣe tèmi. Èmi ni olùdarí: èmi ni n ó yan ibi tí kámẹ́rà yóò dúró àti ohun tí yóò wò. Wọ́n fi Jẹ́jẹ́ tì mí pé kó máa di kámẹ́rà mú. Jẹ́jẹ́ là ń pè é nítorí pé bí iná bá mú un láṣọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni yóò fi sọ ọ́ fún yín.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Màámi, mo ní kí a gbàdúrà. Mo gbà á dáadáa. Nígbà tí mo ṣe tán, àmín mi nìkan ló dún.

"O ò ṣe àmín?"

"Má bínú," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ni mò ń wò."

Màámi kò tíì kó píìnì sẹ́nu. "Ìyá Ìjọ," ó ní, "fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀." Bó ṣe ń pè mí nìyẹn.

Wẹ́dà tó wà lódìkejì ọ̀nà kò jẹ́ ká gbọ́ nǹkan kan. Irin ló ń lù, gbàgà, gbàgà. Mo gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn kọ́rùn, mo lọ bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dáwọ́ dúró díẹ̀. Fíìmù la ń yà."

"Fíìmù? Èmi dà níbẹ̀?"

"Màámi la ń yà."

"Màmá Aránṣọ! Ẹ fi èmi tí mo lẹ́wà sílẹ̀!" Ó fọwọ́ pa ikùn. "Ó dáa. Mo fẹ́ lọ jẹun tẹ́lẹ̀."

Ó ju òòlù sílẹ̀, àdúgbò pa rọ́rọ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bọ̀ títí mo fi ti ilẹ̀kùn.

Màámi ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o. Ó gbórí sẹ́yìn, àlàfo eyín rẹ̀ tó ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ hàn gbangba, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi ṣòkòtò ọmọ oníbàárà nù ún. Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún di kámẹ́rà mú. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì, gbogbo píìnì Màámi sì wà níbẹ̀. Màámi ló tu wọ́n sí i lọ́wọ́ bí ọmọdé ṣe ń tu egungun ẹja síwájú ìyá rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dákẹ́. N kò bi wọ́n ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìgbéraga kò jẹ́. Ẹ̀rọ ohùn wà lọ́rùn mi, a sì ti pa etí kámẹ́rà fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rín yẹn kò ní ohùn. Èmi ni mo lọ bẹ wẹ́dà, Jẹ́jẹ́ ló jókòó kó èrè.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, Màámi á bi mí, "Jẹ́jẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?"

"Màámi, èmi náà ò tíì jẹun."

"Ìwọ mọ ibi tí ìkòkò wà."

Ọwọ́ mi ni títo fíìmù pọ̀ wà. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀rín yẹn bá wọ inú rẹ̀, òun nìkan ni ẹnikẹ́ni yóò rántí, fíìmù mi á sì di ti Jẹ́jẹ́. Mo gé e kúrò. Fíìmù náà wá dà bí ẹ̀wù tí wọn ò yọ ọrùn sí: apá rẹ̀ pé, ìgbátí rẹ̀ gún, kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Olúwa, ṣé kí n yọ ọ́? Mo gbọ́ ọ lọ́kàn mi: "Yọ ọ́." Àmọ́ ohùn náà jọ tèmi jù. Mo tún bèèrè, kò sí ohùn kankan mọ́. Ẹni tí kò ṣe àmín gba ẹ̀rín lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi tí eékún ń dùn, n kò gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo dá a padà sáyè rẹ̀. Kì í ṣe ìwà mímọ́ ló mú mi ṣe é. Fíìmù ni kò gbà.

Òwú ni mo pe fíìmù náà, èyí tí Màámi fi ń ránṣọ. Kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kò ní àmì ohùn, OWU lásán ló hàn lára ògiri lọ́jọ́ tí a ṣe àfihàn, ó rí gàdàgbà.

"Owú?" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. "Ta ló ń jowú ta?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Màámi, tó ti mú ìjókòó iwájú, yíjú padà. "Òwú ni o! Òwú ìránṣọ! Ẹ̀yin tí ẹ kàwé!"

Ojú mi gbóná bí ẹni pé wọ́n tú àpò mi wò. Nígbà tí ẹ̀rín Màámi dé lára ògiri, kò sẹ́ni tó húkọ́. Iná tàn, olùkọ́ wa wò mí. "Ta ló yan ìyẹn?"

Jẹ́jẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá dákẹ́, tèmi ni.

"Jẹ́jẹ́ ló yà á," mo wí. "N kò sí níbẹ̀."

"Ó hàn. Ìyókù dà bí ẹni tó ń yọjú wo obìnrin yìí láti ẹnu ọ̀nà."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sílé, n kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Màámi, kí ni Jẹ́jẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n sọ nípa rẹ fún òun."

"Nípa tèmi?"

"Mo sọ ti maṣíìnì fún un."

Ta ni kò mọ ti maṣíìnì nínú ìjọ wa? Nígbà tí mo wà ní kékeré, maṣíìnì Màámi daṣẹ́ sílẹ̀. Mo gbọ́wọ́ lé e, mo gbàdúrà títí oorun fi gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mo jẹ́ nìyẹn. Òun náà ni mo máa ń dì mú bí ọkàn mi bá ń mì.

"O sùn tán ni mo ta epo sí i," ni Màámi wí. Ẹ̀rín ti ń gbọ̀n ọ́n léjìká. "O jí, o ń ké halelúyà, o sáré lọ bá gbogbo oníbàárà. Báwo ni ǹ bá ṣe wá bà á jẹ́ fún ọ?"

"Ẹ wá sọ ọ́ fún Jẹ́jẹ́."

"Òun ló bèèrè. Ìwọ, o ní, 'Ẹ má wò mí, Màámi. Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí.' Mo ṣe bí ẹni pé o ò sí."

Kì í ṣe epo yẹn ló dùn mí jù. Bóyá Ọlọ́run ló rán Màámi láti ta epo sí i. Bóyá kò rán an. Èmi àti Ọlọ́run á yanjú ìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé Jẹ́jẹ́ ti mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n, láti ọjọ́ yẹn ló ń wò mí bí mo ṣe ń gbàdúrà ṣáájú iṣẹ́, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ǹ bá rí ìdí láti kórìíra rẹ̀.

Màámi fi èjìká gbún mi. "Ìyá Ìjọ, tìẹ náà dà? Rẹ́rìn-ín."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà gbórí sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín débi pé àwọn èrò wò wá. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Síbẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì mí, mò ń wò ó bóyá yóò pẹ́ tó èyí tó rín fún Jẹ́jẹ́. Kò pẹ́ tó o.